Ojú Àwòdì àti Ògiri Tó Pè Ní Kírímù

Bí ẹnikẹ́ni bá fi orúkọ àbísọ pe akunlé yìí, ó ṣeé ṣe kó má tilẹ̀ wẹ̀yìn. Ojú Àwòdì ni gbogbo àdúgbò ń pè é, òun náà sì ti gba orúkọ náà bí ẹni gba oyè. Mú bọ́tìnì ẹ̀wù lọ bá a, kó o ní o fẹ́ kí ògiri yàrá rẹ rí bíi bọ́tìnì náà. Á ṣí agolo ọ̀dà funfun, á kán pupa díẹ̀ sí i, á kán dúdú tín-ín-rín, á fi igi rò ó, á fi ìka kan tọ́ ọ sára pákó, á sì ní kó o gbé bọ́tìnì rẹ lé e. Bọ́tìnì náà á bá àwọ̀ náà mu débi pé ọwọ́ ni wàá máa fi wá a. Kò sì ní jẹ́ kó o lọ láìyìn ín. Á dúró tì ọ́, á máa wojú rẹ, títí wàá fi sọ ohun tó ń retí. Ó gbéraga, kò sí àní-àní. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, kí ni kó wá máa dọ́gbọ́n bò mọ́lẹ̀?

Ohun kejì tí àdúgbò mọ̀ nípa rẹ̀ ni àìsàn rẹ̀, ìyẹn náà kò sì fi í pa mọ́. Ó máa ń pẹ́ kó tó dé, ṣùgbọ́n bó bá ti dé, oorun á kọ́kọ́ dá lójú rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ọ̀rọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í tú jáde lẹ́nu rẹ̀ láìdánu dúró, inú rẹ̀ á máa dùn ju bó ṣe yẹ lọ, á sì gbé búrọ́ọ̀ṣì. Ohunkóhun tó bá dúró lójú kan ló máa kùn. Nígbà àkọ́kọ́, ó kun géètì aládùúgbò, ó kun àga tó wà nínú ọgbà, ó kun táyà mọ́tò ẹni ẹlẹ́ni ní funfun. Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín nígbà yẹn. Nígbà kejì, kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Orí òrùlé ilé alájà kan ni wọ́n ti bá a nínú òjò, níbi tó ti ń kun páànù, tó ń kọrin, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ń yọ̀. Àwọn panápaná ló gbé e sọ̀kalẹ̀, ọmọbìnrin rẹ̀ sì dúró nísàlẹ̀ tó ń ké pè é.

Nígbà tí ara rẹ̀ balẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn, ó sọ fún dókítà rẹ̀ pé òun fẹ́ lo òfin. Òfin tó dá lórí ìtọ́jú àwọn alárùn ọpọlọ ní apá kan tí àwọn èèyàn kì í sábà mẹ́nu bà: ẹni tí làákàyè rẹ̀ pé lónìí lè pàṣẹ sílẹ̀ de ọjọ́ tí kò ní pé. Ó lè yan ẹni tó máa dúró fún un, ó lè sọ àmì tí wọ́n máa fi mọ̀ pé àìsàn ti dé, ó sì lè sọ ohun tó fẹ́ kí wọ́n ṣe fún òun, bí òun fúnra rẹ̀ bá tilẹ̀ ń kọ̀ ọ́ lọ́jọ́ náà. Ojú Àwòdì jókòó síwájú dókítà àti lọ́yà, ó sì ń ka tirẹ̀ sílẹ̀ bí ọ̀gá tó ń pín iṣẹ́ fún ọmọọṣẹ́. Ọmọbìnrin rẹ̀ yìí, tó jẹ́ alágbàfọ̀, ni kó dúró fún òun. Àmì náà ni pé kí òun máa tún ògiri tó ti dára kùn. Bí wọ́n bá ti rí ìyẹn, kí wọ́n pe ilé ìwòsàn.

"Ẹ fi èyí kún un," ló wí. "Ohunkóhun tí mo bá sọ lọ́jọ́ náà, kí wọ́n má gbọ́ ọ. Mo mọ ẹnu ara mi. Bí mo bá bẹ̀rẹ̀ àlàyé, ẹ̀yin gan-an á bá mi di àkàsọ̀ mú."

Dókítà rẹ́rìn-ín, ó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Bàbá àti ọmọ buwọ́ lù ú. Ojú Àwòdì yan gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀ délé lọ́jọ́ náà, ó ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá pàdé pé òun ti fi àìsàn òun sábẹ́ òfin.

Ọdún ń gorí ọdún, àìsàn náà kò yọjú mọ́. Ojú ni nǹkan wá ṣe. Tíṣà kan ló kọ́kọ́ fi ẹjọ́ sùn ún, ó ní yàrá tóun ní kó kùn ní funfun ti lọ sí búlúù. Ojú Àwòdì bá a jà kíkankíkan, ó ní tíṣà náà kò mọ funfun. Lẹ́yìn ìyẹn, ó wá ń rí i pé gbogbo ẹ̀wù funfun òun ń pọ́n bí aṣọ tó ti pẹ́ nínú àpótí. Ó kọjú sí ọmọ rẹ̀, ó ní ọṣẹ tó ń lò kò dáa.

"Ọṣẹ tí gbogbo èèyàn ń yìn nìyí o, Bàbá," ni ọmọ fèsì.

"Gbogbo èèyàn kọ́ ló lójú."

Ṣùgbọ́n ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ó rí i pé iná mọ́tò tó ń bọ̀ lọ́nà fọ́n ká bí ìgbà tí wọ́n da omi sí i, pé sánmà náà ní àwọ̀ tíì. Ó bo ojú kan, ó fi èkejì wò ó, ó tún pààrọ̀. Kò ṣẹ̀ṣẹ̀ nílò kí ẹnikẹ́ni là á yé e. Kì í ṣe ọṣẹ, kì í sì í ṣe tíṣà. Ojú òun ló ń purọ́ fún òun. Àyà rẹ̀ já. Akunlé tí kò mọ àwọ̀ mọ́, kí ló kù tí wọ́n máa pè é? Ó pinnu pé ẹnikẹ́ni kò ní gbọ́, pàápàá jù lọ ọmọ òun.

Ohun tó wá ṣe, akunlé nìkan ló lè ronú kan irú rẹ̀. Ó ní bí ojú bá ti gbàgbé, wọ́n lè tún un kọ́. Ògiri pálọ̀ rẹ̀ jẹ́ kírímù, òun fúnra rẹ̀ ló kùn ún láìpẹ́ sígbà náà, ó sì mọ kírímù náà bó ṣe mọ ọwọ́ ara rẹ̀. Lójú rẹ̀ báyìí, ó ti ń pọ́n. Bí ọmọ rẹ̀ bá ti jáde lọ sí ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń fọ aṣọ, á po ọ̀dà, á kán búlúù sí i láti fi pa pípọ́n náà, á kùn ún, á dúró kó gbẹ. Yóò ṣì máa pọ́n. Á tún kán búlúù sí i. Ó ń fi agolo pa mọ́ sẹ́yìn àga, ó ń ṣí fèrèsé kí òórùn lè jáde. Oorun kò kùn ún mọ́ nítorí ìtìjú, oúnjẹ kò wọ̀ ọ́ lẹ́nu. Nígbà tó yá, ògiri náà wá bá a lójú mu. Ó jókòó tì í, inú rẹ̀ dùn, ó ń dá nìkan rẹ́rìn-ín.

Bí ọmọ rẹ̀ ṣe bá a nìyẹn. Ọmọ náà dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú àpò aṣọ lọ́wọ́.

"Bàbá, kí ló dé tí ẹ kun pálọ̀ ní búlúù?"

"Búlúù wo? Kírímù nìyẹn."

"Ẹ wò ó dáadáa."

"Nínú èmi àtìẹ, ta ni akunlé?"

Ọmọ wo ògiri tí kò ní àbùkù kankan tẹ́lẹ̀, tó ti nípọn bí búrẹ́dì báyìí. Ó wo ojú bàbá rẹ̀ tó ti jìn wọnú, ó wo àwọn agolo tó yọrí lẹ́yìn àga. Ó tún bi í léèrè wẹ́rẹ́ pé ṣé ó ń sùn. Bàbá ní òun ń sùn, irọ́ ni, ọmọ sì mọ̀ pé irọ́ ni. Ó gbé àpò aṣọ sílẹ̀, ó bọ́ síta, ó sì pe ilé ìwòsàn.

Nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn dé, Ojú Àwòdì bẹ̀bẹ̀. Ó ní ara òun dá, ó ní àṣìṣe ni, ó ní kí wọ́n jẹ́ kóun ṣàlàyé. Ọ̀kan nínú wọn, ọkùnrin kan tó ní sùúrù, bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú rẹ̀, ó ní kó ṣàlàyé, àwọn ń gbọ́. Ọ̀rọ̀ náà sì wà lórí ahọ́n rẹ̀. Ojú mi ni. Ọ̀rọ̀ kékeré. Kò lè sọ ọ́ lójú ọmọ rẹ̀, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ lọ sọ̀rọ̀ bọ̀ nípa ọṣẹ, nípa tíṣà, nípa bí kírímù ṣe máa ń rí nígbà tí oòrùn bá yí.

"Ẹ má dá wọn lóhùn," ni ọmọ rẹ̀ wí. Omi ń dà lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kò mì. "Àwọn fúnra wọn ló ní ká má gbọ́ tiwọn. Ẹ jẹ́ ká máa lọ."

Ojú Àwòdì wò ó. Inú ń bí i, síbẹ̀, láàárín ìbínú náà, orí rẹ̀ wú. Ó ti yan ènìyàn, ẹni ire ló sì yàn. Ó wọ bàtà rẹ̀, ó sì fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ síbi mọ́tò.

Ilé ìwòsàn náà mọ́ tónítóní. Fèrèsé rẹ̀ kì í ṣí ju ìwọ̀n ọwọ́ kan lọ, kọ́kọ́rọ́ sì ń ró nídìí àwọn nọ́ọ̀sì bí wọ́n ti ń kọjá. Wọn kò jẹ ẹ́ níyà, kí n má purọ́ mọ́ wọn. Wàhálà ibẹ̀ ni pé kò sí ọ̀rọ̀ tó lè sọ tó máa jẹ́ ọ̀rọ̀.

"Ara mi yá," á wí fún nọ́ọ̀sì.

"Ẹ ti sọ fún wa tẹ́lẹ̀ pé ẹ máa sọ bẹ́ẹ̀, Bàbá," ni nọ́ọ̀sì á fèsì, á sì gbé tíì fún un.

Àṣẹ tó fẹnu ara rẹ̀ pa ti tì í mọ́lé, òun náà ló sì gé kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Nígbà mìíràn, ẹ̀rín á pa á lórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, á sì tètè gbé ẹ̀rín náà mì, kí wọ́n má baà kọ ọ́ sílẹ̀.

Dókítà rẹ̀ ò jókòó lásán. Ó rí i pé ọkùnrin yìí ń sùn, pé kò sọ̀rọ̀ àsọjù, pé kò béèrè búrọ́ọ̀ṣì lẹ́ẹ̀kan rí. Kò jọ bí àìsàn náà ṣe máa ń ṣe é tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá ti mẹ́nu ba ògiri náà, Ojú Àwòdì á pa ẹnu dé.

"Òfin kò gbà ká kàn gbé yín síbí ká máa wò yín," ni dókítà sọ fún un. "Ìgbìmọ̀ kan ń bọ̀ tí kì í ṣe ara wa. Àwọn ló máa sọ bóyá a lẹ́tọ̀ọ́ láti dá yín dúró, àti bóyá ẹ lè pinnu fúnra yín. Wọ́n máa béèrè nípa ògiri yẹn o."

Òfin náà fún un ní lọ́yà lọ́fẹ̀ẹ́, ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń yára sọ̀rọ̀ tí bàtà rẹ̀ ń dán. Lọ́yà ní ẹjọ́ náà rọrùn. Ọmọ ló kánjú. Kì í ṣe dókítà, aṣọ ló ń fọ̀, ó rí ọ̀dà tuntun, ó sá jáde, ó pariwo. Bí àwọn bá gbé e gba ibẹ̀, wọ́n máa tú u sílẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an.

"Ọmọ mi ò ṣàṣìṣe," ni Ojú Àwòdì wí.

"Ẹ̀yin náà lẹ ní ara yín dá, Bàbá. Bí ara yín bá dá, a jẹ́ pé ọmọ yín ló ṣàṣìṣe."

"Mo ní ọmọ mi ò ṣàṣìṣe."

"Kí wá ni ká sọ fún wọn nípa ògiri náà?"

Ojú Àwòdì yí ojú kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Ó dùbúlẹ̀, ó ń wo àjà. Ọ̀nà tó lè gbà jáde kò ju méjì lọ: kó ba orúkọ ọmọ rẹ̀ jẹ́, tàbí kó ba tirẹ̀ jẹ́. Bó bá sì kọ méjèèjì, níbẹ̀ ni yóò wà.

Yàrá tí ìgbìmọ̀ náà jókòó sí kéré, tábìlì gígùn kan ló gba ibẹ̀ tán. Adájọ́ obìnrin kan tó ti fẹ̀yìn tì ló wà láàárín, dókítà kan láti ilé ìwòsàn mìíràn wà lápá kan, ọkùnrin kan tí irí rẹ̀ jẹ́ ti èèyàn lásán sì wà lápá kejì. Ọkùnrin náà fi ara rẹ̀ hàn wẹ́rẹ́, ó ní òun náà ti sùn sórí irú bẹ́ẹ̀dì yìí rí. Ọmọ Ojú Àwòdì jókòó sẹ́yìn, ó di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mọ́ra wọn, àwọn ọwọ́ tí ọṣẹ ti jẹ́ kó funfun lórí ìka.

Adájọ́ béèrè bóyá ó mọ ìdí tó fi wà níbẹ̀. Ó sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò fi òrùlé inú òjò pa mọ́. Lọ́yà wá dìde, ó tún táì rẹ̀ ṣe.

"Ọmọ oníbàárà mi," ni lọ́yà bẹ̀rẹ̀, "fi ìkánjú àti àìmọ̀kan..."

"Lọ́yà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó."

Lọ́yà jókòó. Ojú Àwòdì fi ọwọ́ méjèèjì di etí tábìlì mú.

"Mo fẹ́ kí ẹ kọ èyí sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó kọ nǹkan mìíràn," ló wí. "Mo sọ fún ọmọ mi pé bó bá rí nǹkan báyìí, kó ṣe báyìí. Ó rí i, ó sì ṣe é. Mo bẹ̀ ẹ́, kò gbọ́. Mo sọ̀rọ̀ lọ sọ̀rọ̀ bọ̀, kò gbọ́. Ṣé ẹ mọ bó ṣe nira tó? Mo ti gbé ayé, mi ò tíì rí ẹni tó pa ọ̀rọ̀ mi mọ́ tó bẹ́ẹ̀. Èmi ni mo ṣàṣìṣe. Ojú mi ti ń bàjẹ́."

Ó sọ ọ́, kò sì kú. Ló bá tẹ̀ síwájú, ó sọ ti tíṣà, ti ọṣẹ, ti iná mọ́tò, ti búlúù tó ń kán síbi tí kò yẹ. Kò wẹ̀yìn wo ọmọ rẹ̀.

Dókítà tó wà nínú ìgbìmọ̀ gbé ife tíì rẹ̀ sókè. "Bàbá, àwọ̀ wo ni ife yìí?"

"Lójú mi, ó pọ́n. Ṣùgbọ́n mi ò ní sọ pé ó pọ́n, torí mi ò gba ojú mi gbọ́ mọ́. Ẹ bi ọmọ mi."

"Funfun ni," ni ọmọ wí láti ẹ̀yìn.

"Funfun ni, nígbà náà," ni Ojú Àwòdì wí.

Ọkùnrin tó ti sùn síbẹ̀ rí náà tẹ̀ síwájú lórí àga rẹ̀. "Ọ̀rọ̀ kékeré báyìí, Bàbá. Kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ ọ́ lọ́jọ́ tí wọ́n wá mú yín?"

"Ojú Àwòdì lorúkọ mi. Bí mo bá sọ ọ́, kí lẹ fẹ́ máa pè mí lọ́jọ́ kejì?"

Adájọ́ fọwọ́ bo ẹnu díẹ̀, bóyá ó ń rẹ́rìn-ín ni, bóyá kì í ṣe ẹ̀rín. Wọ́n ní kí gbogbo èèyàn bọ́ síta. Nígbà tí wọ́n pè wọ́n padà, adájọ́ sọ ọ́ láìfi àkókò ṣòfò. Ẹni tó mọ ohun tó ń ṣe òun, tó lè gbé ọ̀rọ̀ wò síhìn-ín sọ́hùn-ún, tó sì mọ ibi tí kò yẹ kó gbára lé ara rẹ̀, ìpinnu rẹ̀ wà lọ́wọ́ ara rẹ̀. Kò sẹ́ni tó lẹ́tọ̀ọ́ láti dá a dúró. Kó máa lọ sílé, kó lọ rí dókítà ojú. Bó bá sì fẹ́, ó lè wọ́gi lé àṣẹ tó pa nígbà yẹn, òfin fún un láyè.

"Rárá o," ni Ojú Àwòdì wí. "Òrùlé yẹn ṣì wà níbẹ̀, òjò ṣì ń rọ̀. Ẹ yọ ọ̀rọ̀ ògiri kúrò, ìyẹn nìkan. Ẹ kọ ọ́ pé nígbàkigbà tí ọmọ mi bá ní ó tó, ó tó. Ṣùgbọ́n kó kọ́kọ́ bi mí ní ìbéèrè kan: kí ni mò ń fi pa mọ́."

Ìgbà yẹn ló tó wẹ̀yìn. Ọmọ rẹ̀ ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, ó sì ń rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí wọ́n délé, wọ́n dúró síwájú ògiri náà.

"Búlúù báwo?" ni bàbá béèrè.

"Bíi ti balùwẹ̀ ilé ìwé."

"Ó burú tó bẹ́ẹ̀?"

"Ó burú, Bàbá. Ṣùgbọ́n igun rẹ̀ mọ́ gan-an. Kò sí ibì kan tó kán sílẹ̀."

"Báwo ló ṣe máa kán sílẹ̀?" ló wí, ó sì gbé ejìká sókè, ó yan wọ yàrá.

Dókítà ojú ní dígí inú ojú rẹ̀ méjèèjì ló ti ṣú, òun ló ń mú kí funfun máa pọ́n lójú rẹ̀, pé wọ́n lè yọ ọ́, kí wọ́n fi tuntun sí i. Ọjọ́ tí wọ́n lọ fún iṣẹ́ abẹ náà, nọ́ọ̀sì kan ṣí fáìlì rẹ̀, ó ka orúkọ ilé ìwòsàn ọpọlọ tó wà nínú rẹ̀, ojú rẹ̀ sì yí padà díẹ̀. Kò ní nǹkan burúkú lọ́kàn. Ó kàn yí àga rẹ̀ kúrò lọ́dọ̀ bàbá, ó kọjú sí ọmọ, ó sì rẹ ohùn sílẹ̀.

"Ìwọ̀n ewu kan wà níbẹ̀ o, bó tilẹ̀ kéré. Ṣé ẹ gbà ká ṣe é fún wọn?"

Ojú Àwòdì gbọ́. Ó wo ilẹ̀, torí irú ọ̀rọ̀ báyìí ti mọ́ ọn lára láti ọjọ́ tó ti pẹ́.

"Ẹ bi wọ́n," ni ọmọ rẹ̀ wí.

Nọ́ọ̀sì ṣẹ́jú. "Ohun tí mò ń sọ ni pé, pẹ̀lú ohun tó wà nínú fáìlì yìí..."

"Mo mọ ohun tó wà nínú ẹ̀. Èmi ni mo pe mọ́tò tó gbé wọn lọ." Ohùn rẹ̀ kò mì, bí kò ṣe mì lọ́jọ́ yẹn. "Ojú wọn ni. Ẹ bi wọ́n."

Nọ́ọ̀sì náà tún àga rẹ̀ yí padà. Ojú Àwòdì nà tán lórí ìjókòó rẹ̀, ó tún kọ́là ẹ̀wù rẹ̀ ṣe, ẹ̀wù tó gbà láìjiyàn pé funfun ni. Nọ́ọ̀sì bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà láti ìbẹ̀rẹ̀, òun sì tẹ́tí sí i dé òpin.